Ta Ni Yóò Bá Ẹran Òru Ṣe Àìsùn?

Agogo méje alẹ́ ti kọjá díẹ̀. A wà nínú dáńfó lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gba, ọkọ̀ kò lọ síwájú, kò lọ sẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kàwé ní Yábàá, na fóònù rẹ̀ sí mi lójú. "Ańtí, ẹ wo nǹkan yìí." Ẹranko kékeré kan ló so rọ̀ mọ́ kọ́tìnnì, ojú rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí hóró iṣin. Ọmọbìnrin òyìnbó kan tẹ́wọ́ sílẹ̀ ní òdìkejì yàrá. Ẹranko náà bẹ́, awọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ṣí bí ìgbà tí atẹ́gùn bá kó sínú agbádá, ó sì balẹ̀ sórí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ṣúgà gláídà ni wọ́n ń pè é. Mo fẹ́ sin ọ̀kan."

Kọ̀ńdọ́ tó gbọ́ wa bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé ó dùn lọ́bẹ̀?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò lè sọ fún ọmọ pé kó má ṣe nǹkan kí n má sì sọ ìdí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nìyẹn, tí mo sì ń rántí gbogbo ẹran igbó tí ojú mi ti rí nínú ilé láti Ìdí-Òró dé Ìtirẹ̀: odídẹrẹ́ nínú àgò lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀bọ tí wọ́n fi okùn so mọ́ ìdí igi, òkété nínú garawa onípáànù. Ìbéèrè ọmọ yìí kò mọ sórí ẹran kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹran tí à ń sọ. Australia, New Guinea àti àwọn erékùṣù Indonesia tó wà nítòsí wọn ni ilé ṣúgà gláídà. Ó jọ ọ̀kẹ́rẹ́ lójú, ṣùgbọ́n wọn kò bá ara wọn tan. Kangaroo ni ìbátan rẹ̀, ẹran aláàpò ni. Oyún rẹ̀ kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìyá fi ń bí ọmọ tí kò ju hóró ìrẹsì lọ; ọmọ náà á rá wọ inú àpò tó wà níkùn ìyá, á sì wà níbẹ̀ fún oṣù méjì ó lé díẹ̀. Àgbà rẹ̀ kì í sábà wúwo ju 160 gíráàmù lọ. Bí ẹ bá kó mẹ́ta jọ sórí òṣùwọ̀n, wọn kò tó piọ́ wọ́tà ọlọ́ràá kan. Awọ tó nà láti ọmọńdinrín ọwọ́ dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni ó fi ń ràbàbà láti igi dé igi, ó sì lè tó 50 mítà kó tó balẹ̀, ìyẹn bí ẹni fò láti ẹnu géètì wa dé ìdí ìsọ̀ ẹlẹ́wà Àgọ̀nyìn tó wà ní ìkóríta.

Òru ni ó fi ń ṣe ọ̀sán. Ó ń fi eyín họ èèpo igi kí oje lè jáde, ó ń lá omi dídùn inú òdòdó, ó sì ń ṣọdẹ kòkòrò. Tí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo agbo á wọ inú ihò igi, wọn á di mọ́ ara wọn sùn. Agbo kan lè ní àgbà méje pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ agbo yìí sọ́kàn, torí òun ni yóò dá wahala sílẹ̀ níwájú.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ní 2019, àwọn onímọ̀ yẹ àbùdá àwọn èyí tó wà nílé àwọn ará Amẹ́ríkà wò, wọ́n rí i pé agbègbè Sorong ní West Papua, ní Indonesia, ni a ti kó ìran wọn wá, kì í ṣe Australia. Ní 2020 ẹ̀wẹ̀, wọ́n pín ẹran tí gbogbo ayé ń pe ní orúkọ kan sí ìran mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá ka ìwé nípa gláídà igbó Sydney, tó sì fi ń tọ́jú tirẹ̀, ìwé ìbátan ẹran rẹ̀ ló ń kà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òkèèrè nìkan ni ẹran tó ń ràbàbà wà. Igbó wa ní tirẹ̀. Ẹran kan wà tó jọ ọ̀kẹ́rẹ́ ńlá, ó ní awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìpẹ́ líle sì wà lábẹ́ ìrù rẹ̀ tó fi ń gbá ara mú mọ́ igi. Òun àti gláídà kò tan rárá, àra kan náà ni Ọlọ́run dá sí wọn lára. Ọ̀kan nínú irú rẹ̀ ń jẹ́ orúkọ John Beecroft, kóńsù Gẹ̀ẹ́sì tó wà nídìí bí ọkọ̀ ogun ṣe da ìbọn bo Èkó ní 1851, tí wọ́n lé Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Louis Fraser ló fún un lórúkọ náà. Fraser yìí ni onímọ̀ ẹranko tó bá ìrìn-àjò odò Ọya 1841 lọ, èyí tí Àjàyí Crowther náà bá lọ, kí Fraser tó wá di igbákejì kóńsù ní Whydah. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ orúkọ Beecroft rí ní ilé-ìwé. Ó ní ó ṣe òun bákan pé ọkùnrin tó da ìbọn bo Èkó tún wá ní ọ̀kẹ́rẹ́ tirẹ̀ nínú igbó wa.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú gláídà wá sí yàrá kan ní Ojúẹlẹ́gba.

Ọ̀sán ló yẹ kó fi sùn. Ọ̀sán wo? Láti agogo márùn-ún ìdájí ni àwọn kọ̀ńdọ́ ti ń pe Yábàá, Báráàkì, Mushin. Oníkásẹ́ẹ̀tì ti gbé ẹ̀rọ síta. Ẹni tó ń wàásù ti gbé tirẹ̀ ko ẹlòmíràn. Etí ẹranko yìí fẹ̀, ó tinrin bí ewé, ó ń yí sọ́tùn-ún sósì bó bá ń gbọ́ ìró kòkòrò lábẹ́ èèpo igi, ariwo yìí sì ni a fẹ́ kó fi ṣe ìrọ̀rí. Nígbà tó bá di agogo mẹ́wàá alẹ́ tí àwa fẹ́ sùn, ìgbà náà ni yóò jí. Yóò gbó bí ọmọ ajá, léraléra, nígbà mìíràn fún ìdajì wákàtí. Tí ẹ̀rù bá bà á, ó ní ariwo kan tí kò jọ ti ẹran abẹ̀mí: ẹ rántí ìró àwọn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní "I-pass-my-neighbour" nígbà tí ẹ fa okùn rẹ̀ tí kò fẹ́ jó. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn, láti ẹnu ohun tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ.

Ooru ńkọ́? Àwọn dókítà ẹran ní ìwọ̀n 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló bá a lára mu jù. Tó bá ti ń kọjá 31, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ni í. Ẹ wo yàrá tó wà lábẹ́ páànù ní oṣù kẹta, tí iná ti lọ láti àárọ̀, tí fáànù dúró, tí ènìyàn tó jẹ́ ọmọ Èkó ń fi páálí fẹ́ra. Kéèjì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ga ju gígùn lọ, nítorí òkè ni ẹran yìí ń gbé. Nínú yàrá fésì-mi-kí-n-fésì-ẹ tí bẹ́ẹ̀dì, fíríìjì àti àpótí aṣọ ti pín mọ́ra wọn lọ́wọ́, n kò mọ ibi tí a óò gbé e sí, àfi kí a gbé e ka orí fíríìjì.

Òórùn rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Akọ rẹ̀ ní ojú pípá kan lórí, bí ẹni tó ń pá lórí lọ́mọdé. Oje tó ń jáde níbẹ̀ ni ó fi ń sàmì sí ìyàwó, ọmọ àti ilé rẹ̀. Tó bá gbà yín ní ẹbí, yóò fi pa yín lára pẹ̀lú. Bó ṣe ń gun nǹkan kiri ni yóò máa tọ̀, kò sì sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Kò sí lánlọ́ọ̀dù kan tí mo mọ̀ ní àdúgbò yìí tí yóò gbọ́ àlàyé yẹn dé ìparí.

Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tó ti sìn ín ti ń kábàámọ̀ jù ni oúnjẹ. Orúkọ "ṣúgà" tàn wọ́n. Wọ́n rò pé ohun dídùn ni ìgbádùn rẹ̀, wọ́n ń bu ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ápù, bisikíìtì, àní búrẹ́dì Agége fún un. Ẹran náà á jẹ ẹ́, á sanra, á máa fò sí wọn lọ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n á rí i pé ó ń fi ọwọ́ méjì wọ́ra nílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti rọ. Kálíṣíọ́ọ̀mù ló tán lára rẹ̀. Ara gbọ́dọ̀ ní kálíṣíọ́ọ̀mù kí ọkàn tó lè lù, kí iṣan tó lè fà. Bí oúnjẹ kò bá mú un wá, ara á lọ yá a lára egungun, á máa yá a títí egungun á fi dà bí ẹja gbígbẹ tí wọ́n sè jù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ju kálíṣíọ́ọ̀mù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrẹ̀ àti ọ̀pọ̀ kòkòrò tí a lè mú ní alẹ́ rí bẹ́ẹ̀ náà. Ìbẹ́pẹ sàn díẹ̀. Nínú igbó, oje igi ló ń bá a tún un ṣe, torí kálíṣíọ́ọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn tó mọ̀ ọ́n sìn ṣe ń po oúnjẹ fún un bí ẹni tó ń po ògì ọmọ aláìlera: oyin, ẹyin, ìyẹ̀fun kálíṣíọ́ọ̀mù, èròjà aṣaralóore, kòkòrò tí a ti fi èròjà bọ́ kí a tó fi bọ́ òun. Gbogbo alẹ́. Ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá. Ṣokoléètì, májèlé ni fún un.

Mo rí ọ̀rọ̀ egungun yìí rí, kì í ṣe lára gláídà. Ọ̀bọ kékeré kan ni, ní ilé epo kan tí n kò ní dárúkọ. Búrẹ́dì àti mínírà ni àwọn oníbàárà ń jù fún un. Nígbà tó fi máa pé ọdún kan, itan rẹ̀ ti tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀ bí ọrun. Àwọn ènìyàn ní ijó ló ń jó.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sórí agbo. Gláídà tó bá wà lóun nìkan kì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ara rẹ̀ léṣe: á fa irun ara rẹ̀ tu, á máa bu ìrù, ẹsẹ̀ tàbí nǹkan ọkùnrin rẹ̀ jẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní odídẹrẹ́ ní Surulere kò ní sọ pé irọ́ ni.

Odídẹrẹ́ kan wà ní ojúlé kejì sí wa nígbà tí mo wà ní ọmọdé. Ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ òfúrufú ló rà á. Ó kọ́ ohùn kọ̀ńdọ́ débi pé àwọn àlejò á dìde tó bá ní "Ó kù ẹnì kan!" Ó tún kọ́ "Ọ̀gá ò sí nílé," ìyẹn sì ṣe ọ̀gá láǹfààní lọ́dọ̀ àwọn tó ń sin ín ní gbèsè. Lẹ́yìn tí ìyàwó àti àwọn ọmọ kó lọ sí London, kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tu ìyẹ́ àyà rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo rí i gbẹ̀yìn, orí nìkan ló kù tó ní ìyẹ́. Ara yòókù dà bí adìẹ tí wọ́n ti bọ́ sómi gbígbóná. Ó wo mí, ó ní, "Ó kù ẹnì kan."

Ẹyẹ yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Alex, odídẹrẹ́ tí onímọ̀ ẹranko Irene Pepperberg rà ní ilé ìtajà ẹran kan ní Chicago ní 1977, mọ ọ̀rọ̀ tó tó ọgọ́rùn-ún, ó mọ àwọ̀, ó mọ iye, kó tó kú ní 2007. Àwa Yorùbá ti mọ̀ pé ẹyẹ ọlọ́gbọ́n ni láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ìwó ń fi í yangàn, ìkó ìrù rẹ̀ sì wà lórí adé àti nínú ètùtù. Ṣùgbọ́n ìkó ni a ń mú lára rẹ̀ láyé àtijọ́, kì í ṣe pé kí gbogbo ilé ní àgò. Ní ọgọ́ta ọdún tó lè lò láyé, ó lè sin ẹni tó rà á, kó tún sin ọmọ rẹ̀. Ní Ghana, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 sọ pé láti 1992, ìdá àádọ́rùn-ún sí ìdá mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún odídẹrẹ́ ibẹ̀ ló ti pòórá. Ní 2016 náà ni àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES pàdé ní Johannesburg tí wọ́n fòfin de rírà àti títa ẹyẹ igbó yìí láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn.

Ọ̀bọ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọmọ rẹ̀ dùn ún wò, ó ń di mọ́ ọrùn. Ìyá rẹ̀ ni ọdẹ ti yìnbọn fún kó tó di pé ọmọ dé ọ̀dọ̀ yín; bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀bọ ṣe ń dé ọjà. Tó bá bàlágà, eyín rẹ̀ á gùn, á sì fẹ́ mọ ẹni tí í ṣe ọ̀gá láàárín òun àti àbíkẹ́yìn yín. Ẹni tó bá fẹ́ wo ọ̀bọ, kó wọkọ̀ lọ sí Lekki Conservation Centre, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ á já Gálà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Èyí tí ìgbé ayé rẹ̀ súnmọ́ ti gláídà jù nínú ẹran ilẹ̀ wa ni èyí tí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ń pè ní bush baby lédè òyìnbó, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá sì fi orúkọ egbére pè. Ojú rẹ̀ ńlá, òru ló ń jẹ̀, oje igi àti kòkòrò ló ń jẹ. Èyí tó kéré jù nínú wọn kò ju bí 70 gíráàmù lọ. Igbe rẹ̀ lóru dà bí ti ọmọ ọwọ́, ibẹ̀ ni ìtàn egbére tó ń sunkún pẹ̀lú ẹní lábíyá ti rí ẹsẹ̀ dúró. Ẹni tó bá gba ẹní náà, wọ́n ní yóò lówó, bó bá lè fara da ẹkún rẹ̀. N kò mọ ẹni tó gba ẹní rí. Mo mọ ẹnì kan ní Mushin tó ra ẹranko náà lọ́wọ́ ọdẹ tó ti ọ̀nà Ẹpẹ́ bọ̀, tó rò pé yóò dà bí ọmọ ológbò. Ẹran yìí a máa tọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, a sì fi pa ẹsẹ̀, kó lè máa sàmì sí ibi gbogbo tó bá gùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ìyàwó ní kí ọkọ yan ọ̀kan. Ẹkún náà kò jẹ́ kí wọ́n rójú, owó kò sì wọlé.

Ẹ máà rò pé ewu ibẹ̀ kò ju ìtọ̀ àti ariwo lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin 2003, ẹran kéékèèké tó tó 800 kúrò ní Accra, wọ́n balẹ̀ sí Texas. Òkété wà níbẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, òòrẹ̀ wà níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ fi wọ́n ṣe ẹran ilé ló rà wọ́n. Láti Texas, díẹ̀ nínú wọn bọ́ sí ọwọ́ oníṣòwò kan ní Illinois, tó kó wọn sítòsí prairie dog, irú ọ̀kẹ́rẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń gbé inú ihò. Kí oṣù karùn-ún tó parí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́ta kan ní Wisconsin tí prairie dog tí wọ́n rà fún un gé jẹ ti ń sàìsàn: ibà, eéwo lára. Mpox ni, tí wọ́n ń pè ní monkeypox nígbà náà. Ènìyàn 47 ló kó o ní ìpínlẹ̀ mẹ́fà, kò sí ẹni tó kú. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àrùn náà yọ sí ènìyàn lẹ́yìn odi Áfíríkà. Ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, Amẹ́ríkà fòfin de kíkó òkété àti àwọn ẹbí rẹ̀ láti Áfíríkà wọlé. Ohun tí ìyá àgbà mi ń fi ọbẹ̀ ilá jẹ ni wọ́n ń rà ní ọ̀pọ̀ dọ́là, tí wọ́n ń gbé sùn.

Òkété kan náà tún ti ṣe wọ́n báyìí rí. Ní nǹkan bí 1999, àwọn kan sá kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń sìn wọ́n ní Grassy Key ní Florida, wọ́n sì di onílé níbẹ̀. Ìjọba lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí pé kí wọ́n má kọjá sí ilẹ̀ ńlá. Gláídà náà kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Wọ́n kó o lọ sí Tasmania ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lónìí ó ń wọ ihò igi pa ìyá ẹyẹ swift parrot lórí ẹyin, ẹyẹ tó ti ń kú lọ tẹ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọmọ náà rò pé ẹran igbó àti ènìyàn kò lè ṣe nǹkan pọ̀. Mo sọ ti Magawa fún un, ìbátan òkété wa tí wọ́n bí ní Tanzania, tí àjọ APOPO kọ́ bí a ti ń gbóòórùn bọ́ǹbù. Ó ṣiṣẹ́ ní Cambodia fún ọdún márùn-ún, ó rí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ àti ohun ìjà mìíràn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní Britain ní 2020, ó fẹ̀yìn tì, ó kú ní oṣù kìíní 2022. Àwọn Yorùbá ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Magawa mu owó ìfẹ̀yìntì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òṣìṣẹ́ tó ń gba owó oṣù ló ń bá a jí, tó ń bá a ṣeré, tó ń wọn oúnjẹ rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó lọ sí VI láti agogo márùn-ún ìdájí tó dé ní mẹ́sàn-án alẹ́ ló ń tọ́ ọ.

Ní ti òfin, Nàìjíríà ti wà nínú CITES láti 1974. Òfin ọdún 1985 lórí ẹranko tó ń kú lọ dè wá pé àwọn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ mú, pa tàbí tà rárá, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé pẹ̀lú ìwé àṣẹ ni. Owó ìtanràn ìgbà náà, ₦1,000, kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni mọ́. Ní 2016 wọ́n sọ ọ́ di mílíọ̀nù. Ẹni tó bá sì fẹ́ kó ẹran òkèèrè wọlé, ọ̀dọ̀ àwọn kòráńtáìnì ìjọba àpapọ̀ ni yóò ti gba ìwé, pẹ̀lú ìwé ìlera láti orílẹ̀-èdè tó ti ń bọ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé wọlé nínú báàgì, tí wọ́n ní "ẹ fọkàn balẹ̀, mo mọ ẹnì kan ní kọ́sítọ̀ọ̀mù", ẹ jẹ́ kó kọjá lọ.

Àwọn ẹbí tó wà lókè òkun ní tiwọn. Ọmọ wa tó wà ní Houston lè sin gláídà. Bó bá kó lọ sí Los Angeles, ẹran rẹ̀ ti di arúfin, torí California, Alaska àti Hawaii kò gbà á, ìlú New York náà kò gbà á. Ní Britain òfin kò dí i. Níbẹ̀, a lè rí dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀. Níhìn-ín, dókítà ẹran àdúgbò wa mọ ajá ní àmọ̀dunjú: abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, àrùn parvo, egbò eégbọn. Gbé ẹran 100 gíráàmù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ síwájú rẹ̀, kò ní parọ́ fún yín, yóò ní kí ẹ máa gbé e lọ sí Ìbàdàn. Àwọn díẹ̀ tó mọ ẹran igbó ní Èkó, bíi Dókítà Mark Ofua tó ń gba akika lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ sè é, iṣẹ́ wọn pọ̀ ju pé kí wọ́n wá máa tọ́jú ohun tí a fi owó wa rà fún ìran wíwò.

Ìdájọ́ tèmi kò le. Ẹni tó ní iná ní gbogbo ìgbà, tó lè ra méjì kì í ṣe ẹyọ kan, tó ní dókítà, tí òru rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀sán rẹ̀, bóyá nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ tàbí ẹni tó ń fi òru ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, òun lè gbìyànjú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba. Owó kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ẹran yìí fẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn ni kó wà níbẹ̀, lójú, ní agogo méjì òru, fún ọdún mẹ́wàá.

Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dán an wò. Fún ọjọ́ méje, kó jí ní agogo mọ́kànlá alẹ́, kó gé èso sí wẹ́wẹ́, kó jókòó sí báńkónì fún wákàtí méjì láìtan iná, láìfọwọ́ kan fóònù. Tó bá ṣe é pé, èmi fúnra mi ni màá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní òru àkọ́kọ́, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ará ìsàlẹ̀ gbẹ epo, gbogbo àdúgbò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ tó ń pè mí ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Ańtí, ẹ wá." Nǹkan ń já bọ́ sórí páànù, pàá, pàá. Lórí igi fúrúùtù tó wà lẹ́yìn ilé wa, adán bí ogún so rọ̀, wọ́n ń jẹ èso, wọ́n ń ta ara wọn nípàá, wọ́n ń pariwo bí àwọn ìyá ọlọ́jà Ojúwòyè. Ọ̀kan ṣí apá rẹ̀, ó kọjá lórí wa débi pé a gbọ́ atẹ́gùn rẹ̀ lójú.

"Ṣé wọ́n máa ń wà níbí tẹ́lẹ̀?"

"Kí wọ́n tó bí ẹ."

Ó jókòó títí di agogo mẹ́ta òru. Ní òru kejì, ó kà wọ́n, ó kọ iye wọn sínú ìwé. Ní òru kẹta, èmi nìkan ni mo jí.